Ta Ni Yóò Pọn Omi ní Ilé Mọ́ńkì?

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ Ultan Garvey ní Kilvarna, ọjọ́ tó ti géètì mọ́ òkú Bartley Lohan ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rántí. Dympna, ọmọbìnrin Bartley, kì í dá sí i bí wọ́n bá ń sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Á máa wọn ṣúgà rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ó ṣì ń bínú. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í sọ ló máa ń fetí sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù kọkànlá, òjò wínníwínní tí kì í dá ń rọ̀. Òkú méjì ló wà nílẹ̀: Bartley Lohan oníṣọ́ọ̀bù, àti Honor Garvey, ìyá Ultan. Ilé Mọ́ńkì ni wọ́n fẹ́ sin àwọn méjèèjì sí, ahoro etí odò tí àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin ìjọ Àgùdà tí kì í gbéyàwó, ń gbé rí, tí kò ní òrùlé mọ́ láti irínwó ọdún sẹ́yìn, níbi tí àwọn ìdílé àtijọ́ ìlú ti ń sin òkú wọn sáàárín àwọn ògiri tó ṣẹ́kù. Ultan ló ń gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ní Kilvarna, ẹni tí wọ́n bá sin kẹ́yìn kì í sinmi. Òun ni yóò máa ṣọ́ géètì, òun ni yóò sì máa pọn omi fún àwọn ọkàn tí òùngbẹ ń gbẹ ní ibi ìwẹ̀nùmọ́, níbi tí iná ti ń fọ ọkàn òkú mọ́ kó tó dé ọ̀run, nínú òjò, nínú yìnyín, títí òkú tuntun yóò fi dé gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òkú méjì bá pàdé lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ti bọ́, ẹnì kejì ló ru ú. Fada kò fẹ́ kí wọ́n gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n kàn ń sá fún un ni.

Fada Mulqueen ṣe Máàsì kan ṣoṣo fún òkú méjèèjì, ó ní kí àwọn Lohan kọ́kọ́ lọ ní aago mẹ́wàá, kí àwọn Garvey tẹ̀lé wọn ní mọ́kànlá. Ultan ní, "Ó dára, Fada." Ẹni tó bá mọ Ultan dáadáa, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá ti bà á lẹ́rù. Níbi tí àwọn Lohan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń gba ìkíni, Ultan àti àwọn ìbátan rẹ̀ mẹ́ta ti gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì gbé Honor jáde, wọ́n ti bọ́ sí ọ̀nà etí odò.

Orí afárá ni Festus, ẹ̀gbọ́n Dympna, ti tajú kán rí wọn ní òdìkejì omi.

"Ẹ wò wọ́n! Àwọn Garvey ti ń lọ!"

"Ẹ rọra o, òkú lẹ gbé," Dympna sọ.

"Òkú làwọn náà gbé! Ẹ sáré!"

Bí ìsìnkú tó ń rọra lọ ṣe di eré nìyẹn. Àwọn tó gbé òdòdó ju òdòdó nù. Àwọn Lohan ló kọ́kọ́ dé géètì, ṣùgbọ́n géètì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò Ultan, tó ń bọ̀ lẹ́yìn tòun ti ìyá rẹ̀ léjìká, tí kò kánjú mọ́ rárá.

"Ṣí géètì, Ultan!"

"Ọwọ́ mi ò ṣófo, Festus. Àbí o ò rí i pé ìyá mi ni mo gbé?"

"Sọ ọ́ kalẹ̀!"

"Sínú ẹrẹ̀? Ìyá tó bí mi lọ́mọ?"

Festus bú u ní èébú tí kò yẹ kí òkú gbọ́, ó bá yíjú sí ògiri. Ògiri náà ga dé àyà, Bartley kì í sì í ṣe ènìyàn tín-ín-rín. Àwọn mẹ́fà ló tì í sókè, wọ́n fi orí rẹ̀ ṣíwájú, Dympna sì gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe yọ̀ nínú pósí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó balẹ̀ gbì sínú koríko lọ́hùn-ún. Ìró yẹn kò kúrò létí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìgbà yẹn ni ọwọ́ Ultan wá ṣófo. Ó gbé ìyá rẹ̀ lé orí òkúta ẹ̀gbẹ́ géètì, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, wọ́n sì gbé Honor wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Fada Mulqueen sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Fada, bàbá mi ló kọ́kọ́ wọlé! Gbogbo ayé rí i!" Festus pariwo.

Ultan ṣí fìlà. "Fada, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Jésù sọ nípa ẹni tí kò bá gba ẹnu ọ̀nà wọ inú agbo àgùntàn, tó gba ibòmíràn gun òkè?"

Fada mọ̀ ọ́n dáadáa. Nínú oṣù karùn-ún ọdún yẹn gan-an ló fi ẹsẹ náà wàásù.

"Olè ni, ọlọ́ṣà sì ni," Ultan dá ara rẹ̀ lóhùn. "Jésù ló sọ ọ́ o, Fada. Èmi kọ́."

Ogójì ọdún ni Bartley fi òṣùwọ̀n tí kì í kún wọn ṣúgà fún gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó ní irọ́ ni.

Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ sin Honor, tí Bartley sì gba korobá. Ìlú rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan. Dympna kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Bí òjò bá ti ń rọ̀, á dúró lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, á máa wo ìhà odò, á máa ronú nípa bàbá rẹ̀ tí kì í lè gun àtẹ̀gùn láìsinmi lẹ́ẹ̀mejì, tó wá ń lọ tó ń bọ̀ láàárín kànga àti ibi tí iná wà. Ó ka katikísìmù ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ó mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ korobá nínú rẹ̀. Ìyẹn kò dá òjò dúró.

Kò sí ẹni tó kú. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo Kilvarna gbádùn bí ẹja inú omi. Ìyá Dympna bẹ̀rẹ̀ sí í rán an pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó bá dùbúlẹ̀ àìsàn, kó lọ wò ó bí ara ṣe rí. Bàbá Tadhg Ruane ti ń kú lọ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ra àbẹ́là. Ọjọ́ tó lajú tó rí ọmọ Lohan pẹ̀lú ọbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó, ó wo ìkòkò, ó ní, "Ẹ gbé bàtà mi wá." Ó dìde lọ tún òrùlé rẹ̀ ṣe, ó sì lo ọdún mẹ́fà sí i láyé.

Nínú ọ̀sẹ̀ karùn-ún, nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀la, odò gbé ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà lọ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Kò sẹ́ni tó gbé ọbẹ̀ lọ fún òun. Dympna sunkún níbi ìsìnkú rẹ̀ ju ìyàwó òkú lọ, ó mọ̀ pé ẹkún ìtura ni, nítorí bàbá òun ti gbé korobá sílẹ̀, ojú sì tì í débi pé kò lè kí opó náà. Ultan ló gbẹ́ ilẹ̀ náà. Orí ṣọ́bìrì ni ojú òun àti Dympna ti ṣe mẹ́rin, Dympna sì pinnu níbẹ̀ pé òun kò ní bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Ó ṣe é fún ọdún mẹ́sàn-án. Ì bá ti ṣe é títí lọ, bí kì í bá ṣe pé ṣọ́ọ̀bù kejì tó wà nílùú kógbá sílé, tí onílé kó gbogbo ẹbí rẹ̀ lọ sí Boston bí ìdajì ìlú ti ṣe. Ultan kò sì lè gbé ilé ayé láìmu tíì.

"Tíì," ló wí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé.

"Èwo?" ni Dympna dá a lóhùn.

"Pupa."

Ọdún kan ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àwọn ènìyàn á máa dúró lẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun kí wọ́n lè gbọ́ bóyá ọ̀rọ̀ kẹrin máa jáde. Ọjọ́ tó jáde, òjò ń rọ̀, kò sí ẹlòmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Orúnkún rẹ̀ ni, Dympna."

"Orúnkún ta ni?"

"Ti ìyá mi. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kúnlẹ̀ fọ ilẹ̀ ilé àwọn sístà. Nígbà tí wọ́n wẹ òkú rẹ̀, ẹsẹ̀ náà ò nà. Wọ́n ní àfi kí wọ́n ṣẹ́ ẹ kó tó wọ pósí. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá gbé korobá lé e lọ́wọ́?"

Dympna gbé tíì náà sórí òṣùwọ̀n. "Bàbá tèmi náà kò lẹ́mìí dáadáa."

"Mo mọ̀. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ níbi sàréè rẹ̀. Kò tíì dá mi lóhùn."

"Kò ní dá ẹ lóhùn. Lohan ni." Ó sì bu tíì kún un ju bí òṣùwọ̀n ṣe wí lọ, ohun tí bàbá rẹ̀ kò ṣe rí.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jà ní ẹnu. Kò sí ọjọ́ kan tí wọn kì í jà, Kilvarna sì ti mọ̀ pé bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.

Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí jù ni irọ́ Ultan. Bí bọ́ọ̀sì àwọn àlejò bá ti dé láti wo Ilé Mọ́ńkì, Ultan á wọ kóòtù dúdú, á mú kọ́kọ́rọ́, á sì máa mú wọn káàkiri. Ẹni Mímọ́ Varna, tó tẹ ibẹ̀ dó, kò kú ikú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Fún àwọn ará Jámánì, inú odò ló kú sí. Fún àwọn ará Faransé, ìfẹ́ ló pa á. Ọjọ́ kan tí òtútù pọ̀ tí bọ́ọ̀sì sì ń fẹ́ lọ, ó ní òtútù ni, kí wọ́n má dúró pẹ́.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ló rọrùn jù. Wọn kò wá wo ògiri, baba ńlá wọn ni wọ́n ń wá. Ultan á béèrè orúkọ, á ronú, á fọwọ́ pa àgbọ̀n, á sì mú wọn lọ síbi òkúta ńlá kan tí òjò ti pa ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ rẹ́. "Òun nìyí." Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á sunkún, wọ́n á ya fọ́tò. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo, Dympna ka ìdílé mẹ́ta tó sunkún lórí òkúta kan náà.

"Ultan, sàréè ọ̀gá àwọn mọ́ńkì nìyẹn."

"Òun ni."

"Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní mọ obìnrin. Báwo ló ṣe wá ní àrọ́mọdọ́mọ ní Boston, ní Chicago àti ní Philadelphia?"

"Ó máa ya òun náà lẹ́nu."

"Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ẹ́. Ó yẹ kó o sọ òtítọ́ fún wọn."

Ultan kò fi ti ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀. Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri àríwá, níbi tí koríko ti dúdú ju ibòmíràn lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ kòtò gígùn kan nígbà ìyàn ńlá, nígbà tí ọ̀dùnkún jẹrà nínú oko. Àwọn tó kú lójú ọ̀nà ni wọ́n kó sí i, láìsí pósí, láìsí orúkọ. "Àwọn tí wọ́n ń wá nìyẹn, Dympna. Ibẹ̀ ni àwọn àlejò ti ń dúró ya fọ́tò láìmọ̀. Wọ́n gba orí òkun kọjá láti wá sunkún. Ó kéré tán, jẹ́ kí wọ́n rí òkúta tí wọ́n á fọwọ́ lé." Dympna kò tún bá a jà lórí ìyẹn mọ́. Ó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a nu òkúta ọ̀gá mọ́ńkì bí bọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà bá ń bọ̀.

Nígbà tí ìwé ìròyìn gbé e jáde pé wọ́n ti kọ́ ibi tí wọ́n ti ń sun òkú sí Dublin, Ultan gbé ìwé náà dé ṣọ́ọ̀bù, ó jù ú sórí kántà. "Ẹ wá wo ayé! Ẹran là ń sun. Ènìyàn, gbígbìn là ń gbìn ín!" Ó pe iṣẹ́ náà ní iṣẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì, ó búra pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé eérú wá sọ́dọ̀ òun, òun á dà á sójú títì.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba ti Ilé Mọ́ńkì pa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì pẹ̀lú bàtà tí kò yẹ ẹrẹ̀, ó ní ògiri ti fẹ́ wó, pé wọn kò ní sin òkú síbẹ̀ mọ́, pé itẹ́ òkú tuntun wà lórí òkè fún gbogbo ìlú. Àfi àwọn tó ní ẹ̀tọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ó ṣí ìwé rẹ̀. Àwọn tó kù ti lọ sí ìlú òyìnbó mìíràn, wọ́n ti kú síbẹ̀. Festus Lohan wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Coventry. Orúkọ méjì péré ló kù: Ultan Garvey, Dympna Lohan.

"Kọ ẹnì kẹta sí i," Ultan wí.

"Ta ni, sà?"

"Ìyàwó mi."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yẹ ìwé wò. "Ẹ ò ní ìyàwó, sà."

"Mò ń wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹni ọdún mélòó ni yín?"

"Márùndínláàádọ́rin. Àwa kì í kánjú níbí."

Ó bá a nájà bí ẹni ń ra ẹṣin. Ó ní bí ìyàwó ò bá ṣeé ṣe, kó kọ ọmọ sí i. Bí ọmọ ò bá ṣeé ṣe, kó kọ ajá òun. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pa ìwé dé, ó sì bá ẹrẹ̀ jáde. Dympna tó di agbòjò mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e, níbi tó ti ń to agolo. Òkú méjì péré ló kù tí Ilé Mọ́ńkì máa gbà. Nuala Ruane, ọmọ Bàbá Tadhg, ni wọ́n sin gbẹ̀yìn, òun ló ń pọn omi lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹni tó bá kú nínú àwọn méjèèjì máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kejì á gba ti ẹni yẹn. Kò wá sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹnì kejì láéláé.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi àìsàn ṣe fáàrí.

"Ẹ̀jẹ̀ mi ti ga sí i," Ultan á wí bó bá ti wọlé.

"Tèmi ga ju tìẹ lọ."

"Mo wú ikọ́ láàárọ̀ débi pé ajá sá jáde."

"Ikọ́! Ìgbáròkó mi ò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ Àìkú. Dọ́kítà fẹ́ wò mí lọ́la."

Dympna padà dé láti ọ̀dọ̀ dọ́kítà pẹ̀lú ìbínú. Dọ́kítà ní ọkàn rẹ̀ le bíi ti ọmọge. "Mo bá a jà," ló sọ fún Ultan. "Mo ní kó tún un wò." Ultan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà kò sì tètè tán. Dympna rí ohun tó wà lára áńkáṣíìfù tó yára kì bọ àpò. Kò bá a ṣe fáàrí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ogójì ọdún nínú ilẹ̀ tútù àti eruku òkúta ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tán. Ní ìgbẹ̀yìn ọdún, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Dympna ń wọ bọ́ọ̀sì lọ kí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ultan ti rù, ọrùn rẹ̀ kò kún kọ́là mọ́. Lọ́jọ́ kan Dympna gbé abọ́ ọbẹ̀ dání. Ultan rí i láti ẹnu ọ̀nà.

"Ọbẹ̀ Lohan! Ó ti parí fún mi."

"Pa ẹnu dé kó o jẹun. Inú ẹ ń dùn, àbí? O tún fẹ́ borí."

"Mo máa ń borí."

"Mi ò ní dárí jì ẹ́, Ultan."

"O ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún mẹ́sàn-án péré lo fi ṣe é. Bù ú wá kó tó tutù."

Ó fi ṣíbí bù ú fún un. Ṣíbí mẹ́rin ni Ultan lè gbé mì. Ó kú láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, kí nọ́ọ̀sì tó gbé tíì dé.

Wọ́n tẹ́ ẹ sí yàrá iwájú ilé rẹ̀, ìlú sì wá ní ọ̀sán láti mu wisikí àti láti rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ajá tó fẹ́ kọ sí ìwé ìjọba. Wọ́n sọ ti ọ̀gá mọ́ńkì. "Ó tún ti borí àwọn Lohan," ẹnì kan wí, ó sì bo ẹnu nígbà tó rí Dympna. Dympna lọ síbi pósí, ó tẹ̀ ba, kó lè jẹ́ pé òun nìkan ló gbọ́.

"Ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn? Bàbá mi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Èmi, títí ayé." Ó tún kọ́là òkú náà ṣe. "Olóríkunkun yìí. Ta ni mo wá fẹ́ máa bá jà báyìí?"

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ló gbé ṣọ́bìrì wá láti lọ gbẹ́ ilẹ̀ fún ẹni tó ti gbẹ́ fún gbogbo ìlú. Fada Devane, tó gba ipò Fada Mulqueen, ló dá wọn dúró. Ó ní Ultan fi ìwé kan sí òun lọ́wọ́, ó sì ní kí òun kà á sétí gbogbo ènìyàn. Ó dà bíi pé kò wu Fada láti kà á.

"Èmi Ultan Garvey, tí orí mi pé, mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ilẹ̀ dè mí. Ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì ní Dublin, kí wọ́n sun mí."

Àwọn ìyá àgbà fọwọ́ ṣàmì àgbélébùú. Ẹnì kan ní kí Fada tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà, ó sì tẹ̀ síwájú.

"Ẹ kó mi sínú àpótí kékeré, ẹ gbé e fún Dympna Lohan, òun àti kọ́kọ́rọ́. Kó fi mí síbi tí òjò ò ti ní kán sí mi. Ọjọ́ tí òun náà bá kú, kó má kánjú o, ẹ gbé e gba géètì wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e gba orí ògiri. Tó bá ti wọlé, ẹ gbé èmi náà wọlé tẹ̀lé e, kí ẹ wá ti géètì. Èmi ni mo ń tì í tẹ́lẹ̀. Mo bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin ọ́fíìsì yẹn kó kọ orúkọ kan sí i tó máa gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọ́, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo máa gbà á. Kí ẹnikẹ́ni má káàánú mi. Eérú kò ní orúnkún."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó gbé ṣọ́bìrì gbé e kalẹ̀. Dympna wá àga, wọ́n tì í sí i lẹ́yìn, ó jókòó, ó sì sunkún ní gbangba. Ẹkún yìí kò tì í lójú.

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí. Dympna ló ń mú àwọn àlejò ká Ilé Mọ́ńkì. Ó máa ń sọ òtítọ́ fún àwọn ará Jámánì, ṣùgbọ́n bí ará Amẹ́ríkà bá béèrè baba ńlá rẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá mọ́ńkì ló máa ń mú un lọ. Kó tó jáde níbẹ̀, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, á bẹ Nuala Ruane, ẹni tí kò gbé korobá rí nígbà ayé rẹ̀, pé kó ní sùúrù sí i díẹ̀, pé dọ́kítà ló fa gbogbo rẹ̀.

Orí pẹpẹ ni àpótí náà wà nínú ṣọ́ọ̀bù, láàárín agogo àti agolo tíì pupa, jìnnà sí fèrèsé. Ọdún àkọ́kọ́ ni ó fi òwú irun àgùntàn hun aṣọ bò ó. Àwọn ènìyàn ní kí ni eérú fẹ́ fi aṣọ òtútù ṣe. Bí ó bá ń ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, tí òjò bá ń rọ̀ sórí odò, kì í dúró lójú fèrèsé mọ́. Á fa aṣọ náà bo igun àpótí dáadáa, á fọwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan.

"Sinmi o, Ultan," á wí. "Sinmi dáadáa. Iṣẹ́ ń bọ̀."